Ọ̀pá Mẹ́ta tí Kò Ṣí

Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kì í há. Ẹni tó bá ti fi SolidWorks tàbí Inventor ya ẹ̀rọ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Á ya irin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á kàn wọ́n pọ̀, á sọ fún kọ̀ǹpútà pé oríkèé nìyí, pé irin yìí lè yí po lójú kan, pé ìyẹn ò lè ṣe ju kó lọ síwájú kó bọ̀ sẹ́yìn. Á fi mọ́tọ̀ sí ibi tó yẹ, á tẹ bọ́tìnnì, gbogbo rẹ̀ á sì máa lọ geere. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà tí wọ́n ń fi irú àwòrán tó ń rìn bẹ́ẹ̀ han olùkọ́ wọn, tí ayọ̀ wọn ò ṣeé pa mọ́ra. Ó tọ́ kí wọ́n yọ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kí wọ́n máa bi ara wọn kí àwòrán náà tó dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, n kò sì mọ ìtàn tó gbé ìbéèrè náà jáde tó ìtàn Galileo.

Galileo ni ọkọ̀ tí NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ láti lọ wo Júpítà, èyí tó tóbi jù lọ nínú àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí oòrùn ká. Kò sí èèyàn nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ JPL ní ìlú Pasadena, ní ìpínlẹ̀ California, ló ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Ọ̀nà Júpítà jìn púpọ̀, nítorí náà áńtẹ́nà ńlá kan ni ọkọ̀ náà máa fi ránṣẹ́ ohun tó bá rí sílé. Áńtẹ́nà náà fẹ̀ tó mítà 4.8, kò sì sí bí ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè wọ inú ọkọ̀ tó máa gbé e kúrò láyé. Wọ́n wá ṣe é bí agbòjò: ọ̀pá 18 tó yí òpó kan ká, tí àwọ̀n wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi wúrà bò ta láàárín wọn. Tó bá dé òfuurufú, mọ́tọ̀ á yí sùkúrù gígùn kan, sùkúrù á ti òrùka kan sókè, òrùka á sì ti gbogbo ọ̀pá náà síta pa pọ̀. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Irú áńtẹ́nà yìí kan náà ti ṣí wẹ́rẹ́ lórí àwọn sátẹ́láìtì TDRS tí NASA fi ránṣẹ́ ṣáájú rẹ̀.

Kí àwọn ọ̀pá náà má bàa máa gbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ bá ń gbéra, wọ́n há wọn mọ́ òpó. Láàárín ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, pínnì méjì tí wọ́n fi titanium ṣe yọ síta, wọ́n sì wọ ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ fún wọn lára òpó náà. Ọ̀kan wọ ihò tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì ṣe ṣóńṣó nísàlẹ̀, èkejì wọ ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n gbẹ́ bíi lẹ́tà V. Gíríìsì tí àwọn mẹkáníìkì wa ń lò máa ń gbẹ, ó sì máa ń fò lọ níbi tí kò bá sí afẹ́fẹ́, nítorí náà ọ̀dà gbígbẹ kan tó ń yọ̀ ni wọ́n fi kun pínnì wọ̀nyí. Ọ̀dà tín-ín-rín yẹn ló dúró láàárín pínnì àti ojú ihò rẹ̀.

Oṣù Karùn-ún ọdún 1986 ló yẹ kí Galileo gbéra. Ó ti wà ní Florida, níbi tí wọ́n ti máa ta á sókè. Ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún yẹn ni ọkọ̀ Challenger, irú ọkọ̀ kan náà tó yẹ kó gbé Galileo kúrò láyé, fọ́ sójú ọ̀run ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tó gbéra, èèyàn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Gbogbo ìrìn àjò dúró. Wọ́n gbé Galileo sórí tírélà padà sí California, nǹkan bí kìlómítà 4,000 lójú títì. Nígbà tí àkókò tún tó, tírélà ló tún gbé e dé Florida. Ní gbogbo ọ̀nà yẹn, bí táyà bá ti ń mì ni pínnì ń mì nínú ojú ihò rẹ̀, tó ń họ ọ̀dà náà díẹ̀díẹ̀. Wọn ò tún ọ̀dà náà kùn kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ Challenger tún mú nǹkan mìíràn wá. Wọ́n fòfin de ẹ̀rọ alágbára tó yẹ kó ti Galileo lọ sí Júpítà tààrà, nítorí ewu rẹ̀ fún àwọn èèyàn tó máa wà nínú ọkọ̀ tó máa gbé Galileo kúrò láyé. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò lágbára tó, ló bá di pé kí Galileo kọ́kọ́ yà lọ sọ́dọ̀ Venus, ìyẹn Àgùàlà tiwa, kó tún padà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé lẹ́ẹ̀mejì, kó máa fi agbára tí wọ́n fi ń fà á yára sí i. Ọ̀nà yẹn gba ìtòsí oòrùn. Kí ooru má bàa ba áńtẹ́nà náà jẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀ ní pípadé lábẹ́ ìbòòji. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1989 ni Atlantis, ọkọ̀ irú Challenger, gbé Galileo lọ. Áńtẹ́nà tó yẹ kó ti ṣí kété tó kúrò láyé wá wà ní pípadé fún nǹkan bí ọdún kan àtààbọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1991, JPL pàṣẹ pé kó ṣí. Mọ́tọ̀ gbéra. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, àmọ́ kò pẹ́ tí mọ́tọ̀ náà fi dúró, tó ń mu iná tí kò sì yí mọ́, títí tí ìṣẹ́jú 8 fi pé tí wọ́n pa á.

Kò sí kámẹ́rà tó lè wo áńtẹ́nà náà. Àmì kéékèèké ni àwọn ẹnjiníà náà fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ibí yìí sì ni mo ti máa ń kan sáárá sí wọn. Galileo máa ń yí po bó ṣe ń lọ. Tí ọ̀pá 18 bá nà síta, ó yẹ kí yíyípo náà dẹ̀ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ara ẹni tó ń jó pòòyì ṣe máa ń dẹ̀ tó bá na apá. Ó dẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò tó. Ọkọ̀ náà tún ń mì bó ṣe ń yí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ kan ò bá èkejì dọ́gba. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wo oòrùn sì ròyìn pé tí ọkọ̀ bá yí dé ibì kan, ohun kan máa ń dí òun lójú. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìṣirò, wọ́n tún fi áńtẹ́nà kejì tó wà nílẹ̀ dán an wò, wọ́n sì rí i pé ọ̀pá mélòó kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó kéré tán mẹ́ta, ló ṣì há mọ́ òpó níbi pínnì wọn.

Kí ló dé tí kò há nílé? Láyé níbí, bí irin méjì bá họra wọn títí tí ara wọn fi bó, atẹ́gùn á tètè fi awọ tín-ín-rín kan bo ojú ibi tó bó náà, awọ yẹn ni kì í jẹ́ kí irin lẹ̀ mọ́ irin. Lófuurufú, kò sí atẹ́gùn. Titanium tó bó lára kan irin tó bó lára, wọ́n sì di ara wọn mú. Áńtẹ́nà tó ti ṣí lójú gbogbo èèyàn nínú yàrá ìdánwò lè kọ̀ jálẹ̀ lọ́hùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣì í yà tàbí ṣì í kàn.

Ìjàkadì tó tẹ̀ lé e gba ọdún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó méjì. Wọ́n yí ọkọ̀ náà kojú sí oòrùn kí òpó náà lè gbóná kó gùn sí i, wọ́n tún yí i kúrò kó lè tutù kó sún kì, bóyá pínnì á yọ. Kò yọ. Wọ́n mú kó túbọ̀ yára yí po. Láti oṣù Kejìlá 1992 sí oṣù Kìíní 1993, wọ́n ń tan mọ́tọ̀ wọ́n ń pa á, wọ́n ń fi lu sùkúrù náà, ó lé ní ìgbà 13,000. Sùkúrù náà sún díẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀pá náà ò jáde. Wọ́n gbà pé áńtẹ́nà ńlá ò ní ṣí mọ́.

Ní ọdún 1994, Michael R. Johnson láti JPL kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ òfuurufú. Nínú ìwé yẹn, ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà dán ẹ̀rọ wò kọ́. Bí ọ̀pá 18 bá jọ ń ta ko òrùka náà bákan náà, òrùka á gòkè ní títọ́. Tí mẹ́ta bá kọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, òrùka á fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́, yóò máa fi ipá tẹ sùkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sùkúrù tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á le láti yí, òun fúnra rẹ̀ á sì jẹ agbára mọ́tọ̀ tó yẹ kó fi fa pínnì yọ. Ẹ̀rọ náà há díẹ̀ níbì kan, ó wá há gan-an níbòmíràn.

Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń ya irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lónìí. Kò sí ẹni tó máa jókòó ya ọ̀pá 18. Ọ̀pá kan la ń yà, a ó ní kí kọ̀ǹpútà dà á kọ yípo ní ìgbà 18, yóò sì ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn ọ̀pá 18 náà wá dọ́gba débi pé bí ọ̀kan bá ṣí, gbogbo wọn ti ṣí nìyẹn. Ibi tí áńtẹ́nà Galileo ti kùnà, ìyẹn àìdọ́gba, la ti fi ọwọ́ ara wa nù kúrò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ìrọ̀rùn yẹn dára fún yíyà, mo ń lò ó. Tó bá di ọ̀rọ̀ bóyá ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́, ewu ni.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà tí ojú kọ̀ǹpútà máa ń fi pa mọ́. Tí a bá kàn ń fa apá ẹ̀rọ kan lójú kọ̀ǹpútà láì sọ fún un pé irin ò lè gba inú irin kọjá, á máa gbà á kọjá, kò sì ní ké. Fíríkṣọ̀n, ìyẹn agbára tó ń dá irin méjì dúró nígbà tí wọ́n bá ń họra, kì í sí níbẹ̀ àyàfi tí a bá fi nọ́ńbà rẹ̀ sí i, ọ̀pọ̀ sì ń fi í sílẹ̀ ní òdo nítorí pé ẹ̀rọ náà á tètè rìn. Tí a bá tiẹ̀ fi sí i, nọ́ńbà irin tuntun tó mọ́ tónítóní la máa ń rí nínú ìwé. Nọ́ńbà irin tó ti jókòó sórí tírélà, tó ti dúró lójú kan fún ọdún mélòó kan, kò sí nínú ìwé. Kí ni irin yìí ti máa là kọjá kó tó di ọjọ́ tí a fẹ́ kó ṣiṣẹ́? Ìbéèrè tí mo ń wí nìyẹn. Ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi rin gbágùúdá náà ní ìdáhùn tirẹ̀: ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù láti Ìbàdàn dé Ṣakí, òjò oṣù Keje, omi ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ irin, àti oṣù mélòó kan tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Galileo kò ṣòfò. Áńtẹ́nà kékeré kan tó tún wà lára rẹ̀ ni wọ́n fi gba iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dípò bit 134,000 tó yẹ kó máa fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bit 8 sí 16 ló kọ́kọ́ kù. Wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà tuntun tó ń fún ìròyìn pọ̀, wọ́n so àwọn áńtẹ́nà ńláńlá ilẹ̀ ayé pọ̀, wọ́n sì gbé e dé 160. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1995 ló dé Júpítà. Ó ti fi hàn wá lójú ọ̀nà pé òkúta ńlá Ida ní òṣùpá tirẹ̀, ó tún mú ẹ̀rí wá pé ó ṣeé ṣe kí omi òkun wà lábẹ́ yìnyín Europa. Bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n rán an ló ṣe. Àwòrán tí kò lè rí ọ̀nà wá sílé nínú ìdá tó kù ni mo máa ń rò, nítorí pé kò sí ìgbà kejì fún wọn. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003 ni wọ́n darí rẹ̀ wọ inú Júpítà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fáìlì ẹ̀rọ tó ń ṣí tó ń pa dé lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ yọ ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ dà kọ kúrò láàárín àwọn tó kù kó lè dá wà. Ẹ dè é mọ́lẹ̀ pátápátá, tàbí kí ẹ fún oríkèé rẹ̀ ní fíríkṣọ̀n tó pọ̀ ju ti ìwé lọ. Ẹ tan mọ́tọ̀, kí ẹ má wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń rìn, nọ́ńbà agbára tí mọ́tọ̀ ń béèrè ni kí ẹ wò. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e kúrò lórí èyí tí ẹ yàn, ẹ fi sí òmíràn ní òdìkejì, kí ẹ tún un ṣe. Tí mọ́tọ̀ tí ẹ fẹ́ lọ rà ní ọjà kò bá lè gbé nọ́ńbà tó tóbi jù nínú gbogbo wọn, ẹ pààrọ̀ mọ́tọ̀ náà tàbí kí ẹ tún oríkèé náà yà, nígbà tí kò tíì ná yín ju wákàtí díẹ̀ lọ.