Ilé Tí Pọ́ọ̀lù Gbà

Nígbà tí a ṣègbéyàwó ní 1986, yàrá kan ní Peckham la kọ́kọ́ háyà. Owó ẹyọ 50 pẹ́ńsì la ń fi sí mítà kí gáàsì tó jó. Àga kan ṣoṣo la ní. Lálẹ́ ọjọ́ kan, arákùnrin kan nínú ìjọ kanlẹ̀kùn. Ojú tì wá, a dákẹ́ bí ẹni tí kò sí nílé. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń padà lọ nínú òtútù.

Ẹ ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 28. Ọdún méjì ni Pọ́ọ̀lù fi gbé ilé àyágbé ní Róòmù. Ọmọ ogun ń ṣọ́ ọ, síbẹ̀ kò ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò.

Ẹ̀yin tọkọtaya tuntun, ẹ má dúró de ilé ńlá. Ẹ ṣílẹ̀kùn. Àmín.