Ta Ló Ni Ìtàn Àìsàn Ìdílé?



Ẹ wo àwọn pósítà òkú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri láti Okìtìpupa dé Òde-Ìrèlè. Kí ni wọ́n máa ń ní ó pa olóògbé? "Àìsàn ránpẹ́" ni. Ẹni tó ṣàìsàn fún ọdún mẹ́ta, àìsàn ránpẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí irú àrùn kan náà pa ṣáájú, àìsàn ránpẹ́ náà ni. A ó ra aṣọ ẹbí, a ó sunkún, àwọn ọmọ kò sì ní mọ ohun tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé wọn.

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, ìjọba ní àkọsílẹ̀ tó so ọmọ mọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, fún àwọn tí a bí láti 1932. Láti 1958 ni wọ́n sì ti ń kọ ẹni tí wọ́n bá rí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ sílẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ bá so méjèèjì pọ̀, wọ́n á rí bí àrùn náà ṣe ń tọ ìdílé tó. Àwa kò ní irú rẹ̀. Ẹnu àwọn ìyá àgbà ni àkọsílẹ̀ tiwa.

Kì í ṣe pé a kì í wádìí o. Kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó nílẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn àgbà á rán ènìyàn lọ bèèrè ní bòókẹ́lẹ́: ṣé kò sí wárápá níbẹ̀, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀, ìkà náà wà níbẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àjogúnbá. Kòkòrò ló ń fà á, oògùn sì wà tó ń wò ó sàn. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó jẹ́ àjogúnbá tòótọ́, àbíkú la pè é, a sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyá nìkan, bẹ́ẹ̀ ìyá àti bàbá ni wọ́n jọ fi fún ọmọ.

Jẹjẹrẹ ọmú náà ńkọ́? Ọ̀jọ̀gbọ́n Fúnmi Olópàdé àti àwọn oníṣègùn Ìbàdàn yẹ ẹ̀jẹ̀ obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní i wò. Ní 2018 wọ́n kéde pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́jọ ló jogún àbùdá tó ń ṣí ọ̀nà fún un. Bàbá tí kò ṣàìsàn rí lè gbé e fún ọmọbìnrin rẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá bi yín nípa ìdílé, ẹ rántí àwọn àǹtí tó jẹ́ ọmọ ìyá bàbá yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bí mo bá sọ àrùn tó wà nílé wa, ìtàn tèmi nìkan kọ́ ni mo sọ. Ti àwọn àbúrò mi ni, ti ọmọ wọn ni, èmi kò sì bi wọ́n. Ní Iceland, ìjọba ṣòfin ní 1998 pé kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ ìlera ará ìlú jọ fún ìwádìí, àfi ti ẹni tó bá kọ̀. Ọmọbìnrin kan ní kí wọ́n má fi ti bàbá òun tó ti kú kún un, nítorí wọ́n lè tibẹ̀ mọ ohun tó wà lára òun náà. Wọn kò gbà. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó sì jàre ní 2003.

Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, síbẹ̀ n kò fara mọ́ ìdákẹ́jẹ́ tiwa. Ọmọ tí àrùn lè dé bá ló kọ́kọ́ ni ìtàn náà; lẹ́yìn rẹ̀ ni oníwàádìí tó bá sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe àti ẹni tí yóò rí i. Ẹbí ọkọ kò sí níbẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 ní kí ilé ìwòsàn pa àṣírí aláìsàn mọ́, nọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ sójà ń rú òfin. Èsì genotype pẹ̀lú, ó dára kí àfẹ́sọ́nà méjèèjì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ni gbogbo ìgbìmọ̀ fẹ́ fi ṣe?

Àwọn kan á ní, "Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò fẹ́ ọmọ mi?" Mo mọ ẹ̀rù yẹn, èmi náà bímọ obìnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ohun tó pa ìyá bàbá rẹ̀, kí ni yóò mú un lọ yẹ ọmú rẹ̀ wò nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le?