Ọ̀kan Ṣoṣo Ni Mo Já

Nígbà tí a bá bá ọmọ kan wí nítorí ohun tí ó já nínú oko ẹlòmíràn, èsì tí ó sábà máa ń fún wa ni pé, "Ọ̀kan ṣoṣo ni mo já." A máa ń rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n àwa àgbà pẹ̀lú a máa fi ọ̀rọ̀ kan náà tu ara wa nínú. Òtítọ́ ha ni pé bí ohun tí a mú ti pọ̀ tó ni ẹ̀bi wa ṣe pọ̀ tó?

Ní ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà, ní etí àbàtà àti ní pápá tí omi kì í gbẹ lára ilẹ̀ rẹ̀, òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní fringed gentian. Ìtànná rẹ̀ pín sí ewé mẹ́rin, àwọ̀ wọn dàbí aṣọ aró, etí wọn sì ṣe wajawaja. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, nígbà tí òtútù kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀pọ̀ òdòdó ti rọ, ni ó sábà máa ń yọjú. Nínú oòrùn ni ó ń ṣí. Bí alẹ́ bá lẹ́, tàbí tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, a pa ara rẹ̀ dé. Ọdún méjì péré ni ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ìdì ewé kékeré tí ó lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, tí ènìyàn lè tẹ̀ láìmọ̀. Ní ọdún kejì a tanná, a so èso, a sì kú. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í tún hù. Hóró rẹ̀, tí ó kéré bí eruku, ni gbogbo ìrètí rẹ̀.

Nítorí náà ẹni tí ó já a kò mú òdòdó nìkan lọ. Ó mú àwọn tí ìbá hù lẹ́yìn rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Kò sì sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́, nítorí àwọn tí ó fi òdòdó náà dù lè má tí ì dé ayé. Èyí tí ó tilẹ̀ yà wá lẹ́nu jù ni pé igi a máa hù bo irú pápá bẹ́ẹ̀, òjìji wọn a sì pa òdòdó náà. Màlúù tí ń jẹko àti àgbẹ̀ tí ń gé koríko, àwọn tí kò bìkítà fún ẹwà rẹ̀, ni wọ́n ń la ibẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ń já a.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí aláìsàn kan bá wà tí kò lè rìn dé àbàtà, ó ha yẹ kí a ṣahun sí i nítorí òdòdó kan? Ìbéèrè yìí ṣòro fún wa. Àwa ìbá já a fún un, lẹ́yìn tí a bá ti ka àwọn tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ju méjì mẹ́ta lọ, a ó padà lọ́wọ́ òfo, a ó jókòó tì í, a ó sì ròyìn ohun tí a rí fún un.