Ta Ni Yóò San Owó Ìwà Mímọ́?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àwọn tó ń ṣe Debian gbé ẹ̀dà kọkànlá ètò kọ̀ǹpútà wọn jáde, wọ́n sọ ọ́ ní bullseye. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó dà á sórí fláàṣì, tó fi tan kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, ló bá ìdíwọ́ kan náà pàdé. Ìbéèrè nípa èdè á kọjá, ti orílẹ̀-èdè á kọjá, àfi bó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò náà á dúró gbọnyin. Á ní òun rí ẹ̀rọ Wi-Fi nínú kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n fáìlì kan kù tí ẹ̀rọ yẹn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, fáìlì ọ̀hún kò sì sí lọ́wọ́ òun. Kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lọ wá a wá.

Níbo ni yóò ti wá a? Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, Wi-Fi tí ìbá sì gbé e débẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ yẹn.

Kì í ṣe àṣìṣe, kì í sì í ṣe pé ẹnì kan gbàgbé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ fáìlì náà ni, nítorí ẹ̀rí ọkàn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Wi-Fi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí kóòdù inú fáìlì náà, Debian sì ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohun tí a kò bá lè rí inú rẹ̀, tí a kò lè tún ṣe, kò ní sí lára ètò àwọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ti di ọ̀rọ̀ ìwà. Bí ènìyàn bá pa ìlànà rẹ̀ mọ́ láìyẹsẹ̀, tó wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ìyà rẹ̀ ń jẹ, ṣé ìwà mímọ́ náà ṣì jẹ́ tirẹ̀?

Ó yẹ kí a mọ ohun tí fáìlì yìí jẹ́ ná. Dráífà ni apá ètò tó mọ bí a ti ń darí ẹ̀yà kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: Wi-Fi, ẹ̀rọ àwòrán, ẹ̀rọ ohùn. Lórí Linux, tí Debian ń lò, inú kernel, ìyẹn ọkàn ètò náà, ni dráífà sábà máa ń wà, kóòdù rẹ̀ sì wà níta gbangba. Ṣùgbọ́n chip Wi-Fi òde òní jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré fúnra rẹ̀, ó sì ní ètò tirẹ̀ tó ń lò nínú. Òun ni wọ́n ń pè ní firmware. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń tẹ firmware mọ́ inú chip láti ilé-iṣẹ́. Nígbà tó yá, kí ìnáwó lè dín kù, kí àtúnṣe sì lè rọrùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi chip sílẹ̀ lófìfo, dráífà ni yóò máa gbé firmware fún un ní gbogbo ìgbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Bí ti Intel ṣe rí nìyẹn. Dráífà rẹ̀, iwlwifi, wà nínú kernel ní gbangba. Ilé-iṣẹ́ náà sì gbà kí a máa pín firmware rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n kóòdù inú firmware ọ̀hún, wọn kò fi hàn.

Ọ̀rọ̀ dráífà gan-an ló bí ìgbàgbọ́ tí Debian dúró lé. Ní nǹkan bí ọdún 1980, Xerox fún yàrá ìwádìí kan ní MIT, ní Amẹ́ríkà, ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun. Bébà máa ń há sínú rẹ̀. Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún ètò ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe kó lè máa ké sí àwọn tó ń lò ó bí bébà bá há. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún tuntun, àmọ́ kóòdù rẹ̀ kò bá a wá. Ó tọ ẹnì kan lọ ní yunifásítì Carnegie Mellon tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn ní òun ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Stallman ka èsì yẹn sí àìdáa tí wọ́n ṣe sí gbogbo ènìyàn, kì í ṣe sí òun nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ó kéde iṣẹ́ GNU, ètò tí ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún aládùúgbò. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, gbé kernel Linux jáde ní 1991. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní 1993. Ní oṣù keje ọdún 1997, Debian kọ májẹ̀mú rẹ̀ pẹ̀lú àwùjọ sílẹ̀.

Inú májẹ̀mú yẹn ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Abala kìn-ín-ní sọ pé Debian yóò wà ní òmìnira pátápátá. Abala kẹrin sọ pé àwọn tó ń lo ètò náà, àti òmìnira ètò, ni àwọn yóò máa fi ṣáájú. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì jọ ń rìn. Firmware ló yà wọ́n. Nígbà tí Debian 6 jáde ní 2011, wọ́n ti yọ gbogbo firmware tí a kò lè rí kóòdù rẹ̀ kúrò nínú kernel. Ìlànà wá mọ́ tónítóní.

Ta wá ni ó dùn? Kò dun àwọn àgbà Debian púpọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà mìíràn tó ní firmware nínú wà ní ìkọ̀kọ̀ kan lórí sáfà àwọn, tí wọn kò kà sí ẹ̀dà gidi. Wọ́n ní wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà kejì, wọ́n mọ bí a ti ń ka dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń ṣe. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni kò ní gbogbo ìyẹn.

Ẹni tí ó dùn jù ni afọ́jú. Ó ti pẹ́ tí Debian ti ń tọ́jú àwọn tí ojú wọn kò ríran. Bí ètò náà bá ti jí, wọ́n á tẹ lẹ́tà s, kọ̀ǹpútà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ìbéèrè sókè fún wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ohùn inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun náà ti di èyí tí kò lè dún láìsí firmware. Ẹni tó ríran á rí i lójú kọ̀ǹpútà pé fáìlì kan kù. Afọ́jú kò ní gbọ́ nǹkan kan. Kò ní mọ̀ bóyá fláàṣì ló bàjẹ́ tàbí kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ tàn rárá. Ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí òmìnira ènìyàn ló ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn yẹn.

Àwọn ẹlẹ́sìn ti bá irú ọ̀rọ̀ yìí pàdé tipẹ́. Nínú Ìhìn Rere Máàkù, orí kejì, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù ya ọkà lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn Farisí sì takò wọ́n. Jésù dá wọn lóhùn pé nítorí ènìyàn ni ọjọ́ náà ṣe wà. Nínú Kùránì, Súrà Al-Baqarah, ẹsẹ 173, Ọlọ́run ka oúnjẹ tí kò tọ́, lẹ́yìn náà ni ó mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ẹni tí ọ̀ranyàn mú jẹ ẹ́, bí kò bá ti fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀, tí kò sì kọjá ààlà. Kò sí èyí tó pa òfin rẹ́ nínú méjèèjì. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí òfin di ẹrù tí ẹni tó lágbára ń dì ru aláìlágbára. Ẹsẹ Kùránì yẹn sì tún ṣe ohun kan tó ṣe pàtàkì: ó pààlà sí ìyọ̀ǹda náà. Kìkì ibi tí ọ̀ranyàn dé ni ìyọ̀ǹda dé.

Ní 2022, Steve McIntyre, tó ti ń bójú tó àwọn ẹ̀dà CD Debian láti ọjọ́ pípẹ́, gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú gbogbo ẹgbẹ́. Wọ́n jiyàn, wọ́n dìbò. Ìbò náà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, wọ́n sì tún májẹ̀mú fúnra rẹ̀ kọ: ẹ̀dà kan ṣoṣo ni yóò wà, firmware yóò sì wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2023, Debian 12 jáde bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ààlà tí wọ́n pa. Wọ́n ya firmware sọ́tọ̀ sí apá kan tó ń jẹ́ non-free-firmware, kò dàpọ̀ mọ́ ìyókù ètò. Èyí tí ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà bá nílò ni yóò wọlé. Wọ́n ṣèlérí pé ètò náà yóò sọ fún ẹni tó ń lò ó irú firmware tó wọlé, yóò sì kọ ọ́ pa mọ́ kí ó lè wá a wò lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ọ̀kankan lè kọ firmware=never sí ètò náà lẹ́nu nígbà tó bá ń jí. Kò sí irọ́ níbẹ̀. A kò pe ohun títì ní ṣíṣí, a kò sì gbé e wọlé lóru.

Àwọn tó takò ó ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní bí a bá ń gba ohun tí ilé-iṣẹ́ bá ti fún wa, kí ni yóò mú wọn ṣí i láé? Ìtàn sì gbè wọ́n díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Broadcom kò fún àwọn tó ń ṣe Linux ní nǹkan kan nípa chip Wi-Fi rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló tú u palẹ̀ fúnra wọn títí tí wọ́n fi kọ dráífà tó ń jẹ́ b43. Ní 2010, Broadcom gbé dráífà kan tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ jáde. Atheros ti ṣe tirẹ̀ ní 2008, èyí tó ń jẹ́ ath9k, tí kò tilẹ̀ nílò firmware láti òde. Bí gbogbo ènìyàn bá ti gba ohun tó wà, tí wọ́n dákẹ́, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá má rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ìlànà tí wọ́n ń dáàbò bò ní ihò kan. Lójú Free Software Foundation, tí Stallman dá sílẹ̀ ní 1985, firmware tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú chip, tí ẹnikẹ́ni kò lè yí padà, kò yàtọ̀ sí irin àti wáyà. Èyí tí kọ̀ǹpútà ń gbé wọlé láti inú dísìkì ni wọ́n kà sí ètò, òun ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ìdí wọn yé ènìyàn: ohun tí olùṣe rẹ̀ pàápàá kò lè yí padà kò fún un lágbára lórí ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n nípa bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà méjì lè ní àṣírí kan náà nínú, kí á pe ọ̀kan ní mímọ́ nítorí pé a sin àṣírí tirẹ̀ jinlẹ̀ ju ti èkejì lọ.

Oṣù kìíní ọdún 2018 fi ewu rẹ̀ hàn. Wọ́n kéde àléébù Spectre àti Meltdown nínú àwọn prosẹ́sọ̀, àtúnṣe apá kan Spectre sì gba microcode (firmware inú prosẹ́sọ̀) tuntun láti ọwọ́ Intel, kóòdù títì pátápátá. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ nítorí ìlànà kò bọ́ lọ́wọ́ kóòdù títì. Microcode àtijọ́, tó ti wà nínú prosẹ́sọ̀ náà láti ilé-iṣẹ́, ló ń lò lọ, pẹ̀lú àléébù rẹ̀.

Èyí kò sọ ẹni tó dúró lórí ìlànà di òmùgọ̀. Stallman fi ọ̀pọ̀ ọdún lo kọ̀ǹpútà kékeré kan tí Lemote ṣe ní Ṣáínà, tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé kóòdù tó ń jí i pàápàá wà ní òmìnira. Ìyẹn yẹ ní àpọ́nlé, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sanwó ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé owó náà lé ọrùn ẹni tí kò mọ̀ pé ọjà kan wáyé ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà, níbi tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti ń wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹni tó rà á kì í yan chip Wi-Fi inú rẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ti lò tẹ́lẹ̀ ló ń bá a wá. Bí onítọ̀hún bá fi Debian àtijọ́ sí i tí Wi-Fi kọ̀, ọ̀nà ṣì wà. Kó fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kó sì tan USB tethering lórí fóònù náà: kernel á rí i bí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè firmware kankan. Kó ṣí terminal, kó kọ lspci -k, èyí tí yóò dárúkọ chip àti dráífà rẹ̀. Kó kọ sudo dmesg, kó wá ìlà tí ọ̀rọ̀ firmware ti jáde. Orúkọ fáìlì tó kù wà níbẹ̀. Fún ti Intel, firmware-iwlwifi ni ohun tí yóò gbà wọlé, lẹ́yìn tó bá ti ṣí apá tó ní in nínú apt, ètò tí Debian fi ń gba ètò mìíràn wọlé. Dátà inú fóònù ló fi san án. Owó kékeré ni fún ẹlòmíràn, owó oúnjẹ ni fún akẹ́kọ̀ọ́.

Agbára àtiṣí kóòdù kò sí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, kò sì sí lọ́wọ́ Debian. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe chip ló wà, àwọn pàápàá sì mọ bí a ti ń ṣí ìlẹ̀kùn kan kí a sì ti èkejì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Nvidia gbé dráífà kernel tó ṣí sílẹ̀ jáde, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí dráífà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sínú firmware tó ń ṣiṣẹ́ lórí káàdì náà fúnra rẹ̀, firmware yẹn sì wà ní títì.

Ọ̀dọ̀ irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a gbé owó náà lọ, ẹni tó ń ra kọ̀ǹpútà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ló sì lè gbé e débẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ ra ogójì kọ̀ǹpútà lè fi fláàṣì Debian tan ọ̀kan kó tó sanwó, kí ó kọ firmware=never sí i, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà tó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Kí ìwé náà wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n bá ń dúnàádúrà, kí olùtajà sì ṣàlàyé ìdí tí ohun tí wọ́n fẹ́ fowó ra fi ní yàrá tí wọn kò gbọdọ̀ wọ̀.