Àwa Àlejò ní Neápólì



A bẹ̀ yín, kí ẹ tó kà jù báyìí lọ, ẹ ṣí Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 16, láti ẹsẹ 11 títí dé 15. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí Pọ́ọ̀lù àti àwọn tí ń bá a rìn ti wọ ọkọ̀ ní Tíróásì, tí wọ́n gúnlẹ̀ ní Neápólì, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ lọ sí Fílípì. Neápólì náà kò parẹ́. Kavala ni a ń pè é lónìí, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gíríìsì. Ìlú orí òkè ni, tí àwọn ilé rẹ̀ dojú kọ èbúté. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, àwa àti aya wa dé ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú òjò. Ẹ̀gbọ́n aya wa kan tí ń gbé ní London ni ó san owó ọkọ̀ wa, kí a lè fi ojú wa rí ọ̀nà tí Pọ́ọ̀lù tọ̀.

A ti lo ọjọ́ mẹ́ta ní Tẹsalóníkà ṣáájú, ire ni a sì rí níbẹ̀. Baba kan tí ń ta búrẹ́dì, tí a bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó fa aya wa lọ́wọ́ bí ẹni ń fa ọmọ rẹ̀, títí ó fi mú wa dé ẹnu ọkọ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ohun tí a fẹ́ sọ yìí dá gbogbo ará ilẹ̀ náà lẹ́jọ́.

A ti san owó òru méjì sílẹ̀ fún ilé èrò kan ní Kavala kí a tó kúrò nílé. Ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún wa wo ojú wa, ó wo ìwé ìrìnnà wa, ó tún wo ojú wa. Ó ní kò sí àyè. A fi ìwé ẹ̀rí owó tí a san hàn án. Ó ní a ó dá owó wa padà, ó sì tìlẹ̀kùn. A ti dárí jì í, ṣùgbọ́n a kì yóò purọ́ pé inú wa kò ru ní alẹ́ ọjọ́ náà. Aya wa jókòó sórí àpótí ẹrù wa lábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan tí a ti tì. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó sọ: “Bàbá Dáyọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó.” A mọ ohun tí ó ń wí. Ẹ̀yin náà yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́.

Níbẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ti rí wa láti ojú fèrèsé òkè. Ó sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Gíríìkì tiwa sì ni ìwọ̀nba tí a kọ́ láti inú Májẹ̀mú Títun ní ilé ẹ̀kọ́ wa, èyí tí kò tó ra búrẹ́dì. Ó kàn na ọ̀pá rẹ̀ sí àtẹ̀gùn, a sì tẹ̀lé e. Kí a tó bọ́ aṣọ tí ó tutù lára wa, ó ti gbé ago omi tútù kalẹ̀, pẹ̀lú èso tí a fi ṣúgà sè, nínú àwo kékeré, pẹ̀lú ṣíbí. Àṣà wọn nìyẹn fún àlejò. Aya wa rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ náà, nítorí ní Èkìtì tí a gbé tọ́ ọ, omi ni a ń bun àlejò kí a tó bi í ní ọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀, ọmọ-ọmọ ìyá náà tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé, a sì bèèrè ìdí tí ìyá fi gba ẹni tí kò mọ̀ rí sílé. Ìyá nawọ́ sí àwòrán kan lára ògiri, ọmọbìnrin kékeré kan nínú ẹ̀wù tí ó tóbi jù ú lọ. Ìyá tí ó bí i ni. Ní ọdún 1923, lẹ́yìn ogun Gíríìsì àti Tọ́kì, àdéhùn kan tí a ṣe ní Lausanne pàṣẹ pé kí àwọn Kristẹni Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì tí ń bẹ ní Tọ́kì kó lọ sí Gíríìsì, kí àwọn Mùsùlùmí Gíríìsì sì kó lọ sí Tọ́kì, àfi àwọn díẹ̀ tí a yọ sílẹ̀. Pẹ̀lú àwọn tí ogun ti lé ṣáájú, ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó bá bẹ́ẹ̀ dé Gíríìsì, púpọ̀ nínú wọn sì tẹ̀dó sí Kavala àti Tẹsalóníkà. Ìyá wí pé ní òru tí wọ́n gúnlẹ̀, ẹnìkan fún ìyá òun ní omi mu. Títí ó fi kú, kò mọ orúkọ ẹni náà.

A fi owó lọ̀ ọ́. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti owó náà padà sí ọ̀dọ̀ wa lórí tábìlì.

Ọjọ́ náà gan-an ni a lọ sí Fílípì, tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ. Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́bàá ìlú àtijọ́ náà, ibẹ̀ ni a sì ń fi han àlejò gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ri Lìdíà bọmi. A jókòó létí omi, a tún ka orí náà, ojú wa sì là sí ohun tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn láì rí i. Lìdíà kì í ṣe ọmọ Fílípì! Ará Tíátírà ni, ní òdìkejì òkun; òwò aṣọ ni ó gbé e dé ibẹ̀. Àlejò ni ó gba àlejò sílé. Ẹ wo orí 18 pẹ̀lú: Ákúílà ará Pọ́ńtù àti Pírísílà aya rẹ̀, tọkọtaya tí àṣẹ Kíláúdíù lé kúrò ní Róòmù, àwọn ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ sí lọ́dọ̀ ní Kọ́ríńtì. Àwọn tí a ti lé kúrò nílé ni ó wá ilé fún oníwàásù. Àwa pàápàá ńkọ́? Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ gba Townsend ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kínní ọdún 1843, olórí àwọn ènìyàn tí ogun ti tú ìlú wọn ká ni òun náà í ṣe.

Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan, xenos, tí í ṣe àjèjì, tí í sì ṣe àlejò pẹ̀lú. Ohun tí Hébérù 13:2 pa láṣẹ fún wa, philoxenia ni, èyí ni ìfẹ́ sí àjèjì. Xenodochio, ilé tí ń gba àlejò, ni wọ́n sì ń pe ilé èrò, àní irú èyí tí ó tìlẹ̀kùn mọ́ wa.

Wàyí o, ti kọ́kọ́rọ́. Ní àkókò òjò ọdún 2016, ọkùnrin Àgátú kan àti aya rẹ̀ tí ó lóyún, tí wọ́n ti Benue wá fún iṣẹ́ oko, kan ilẹ̀kùn wa ní alẹ́. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ kí a jẹ́ kí wọ́n sùn nínú yàrá ilé ẹ̀kọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A wí fún wọn pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ wa. Lórí ìṣó ni ó wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a dì mú bí a ti ń bá wọn sọ̀rọ̀. Aya wa wà nínú ilé, ó gbọ́ ọ. A kò mọ ibi tí wọ́n sùn.

Àwọn olùkọ́ inú yín yóò wí pé ayé ti bàjẹ́, pé olè ń bẹ, pé ajínigbé ń bẹ. Òtítọ́ ni, a kò sì fojú kéré rẹ̀. Ìjọ ìgbàanì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fébè ti Kénkíríà, èbúté Kọ́ríńtì, ń lọ sí Róòmù, Pọ́ọ̀lù fi ọ̀rọ̀ ìyìn sínú ìwé nítorí rẹ̀, kí a lè mọ̀ ọ́n kí a sì gbà á: ẹ wo Róòmù 16, ẹsẹ 1 àti 2. Nínú ìwé àtijọ́ tí a ń pè ní Didache, a fi òfin lélẹ̀ pé kí àpọ́sítélì tí ń rìnrìn àjò lo ọjọ́ kan, tàbí méjì bí ó bá di dandan. Bí ó bá lo mẹ́ta, wòlíì èké ni. (A mọ àwọn oníwàásù kan tí òfin yìí ìbá ṣe ní àǹfààní.) Wọ́n bèèrè ìwé lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì ka ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò parọ́ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2019, a mú ọ̀rọ̀ náà wá síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ wa, pé kí a tún yàrá tí a ń kó àga fífọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọsìn ṣe fún èrò. Àríyànjiyàn pọ̀. Baba kan bèèrè ẹni tí yóò san owó ẹní. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá mú ẹní méjì wá àti ìkòkò omi kan. A fi ìwé kan síbẹ̀, tí àlejò yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí àti ibi tí ó ti wá, òru méjì sì ni òpin. Ìyá kan wá bèèrè pé ta ni yóò máa di kọ́kọ́rọ́ mú. A kò lè gbé ojú wa sókè. Ọwọ́ aya wa ni ó wà.