ÈÉFÍN ILÉ ÌDÁNÁ: TA NI Ó NI Ẹ̀BI RẸ̀?

Àwọn baba wa a máa wí pé èéfín ni ìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èéfín kan ń bẹ tí gbogbo wa ń fi ojú rí lójoojúmọ́, tí a sì ti bò mọ́lẹ̀ nínú ọkàn wa: èyíinì ni èéfín ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó, tí ó sì kọjá ní Ìjù nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, yóò rí i bí ó ti ń gba orí òrùlé jáde. Yóò wí pé oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ jinná. Kò ní bèèrè bí ẹni tí ń dáná ti ń mí.

Igi tí kò jó tán ni ó ń di èéfín. Nínú rẹ̀ ni ẹ̀rún wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí imú kò lè sẹ́ ẹ, tí ọ̀fun kò sì lè dá a dúró, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ó ń fa ikọ́ tí kò lọ bọ̀rọ̀ àti èémí kúkurú fún àgbà. Ó sì ń fi ààyè sílẹ̀ fún òtútù àyà lára ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé, ní ọdún 2020, àwọn tí èéfín inú ilé ṣe okùnfà ikú wọn tó mílíọ̀nù 3.2, ó lé ní 237,000 nínú wọn tí í ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni. Ní ọdún 2010, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 269 ní ilẹ̀ Èkìtì, aládùúgbò wa. Nínú àwọn tí ń fi igi àti irú rẹ̀ dáná, bí 11 nínú 100 ni ikọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bá jà. Nínú àwọn tí kò lò ó, bí 3 péré.

Wàyí o, ibi tí ẹnikẹ́ni kò pète, ǹjẹ́ ó ha ní ẹlẹ́bi bí? Èmi rò pé àìmọ̀ jẹ́ àwíjàre fún àwọn tí ó ti kọjá lọ. Àwọn ìyá wa àgbà kò mọ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti tan àtùpà fún kò lè wí mọ́ pé òkùnkùn ni ó mú òun kọsẹ̀.

Ta wá ni ẹlẹ́bi? Kì í ṣe obìnrin tí ń dáná, nítorí òun gan-an ni ìyà náà ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ni kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ń mí ohun tí ìyá rẹ̀ ń mí. Àwa tí a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí a ń retí àwo iyán, àwa ni ọ̀rọ̀ kàn. A kọ́ yàrá àlejò ní fèrèsé mẹ́rin. A kọ́ ilé ìdáná láìní ẹyọ kan. Oúnjẹ ni a jọ jẹ. Èéfín ni a fi sílẹ̀ fún ẹnìkan.

Ẹnìkan yóò wí pé àwọn ìyá wa fi igi dáná, wọ́n sì gbó. Àwọn tí ó gbó ni a rí kà. Àwọn tí ikọ́ mú lọ, a ti fi orúkọ mìíràn pe ikú wọn. Òmíràn yóò wí pé gáàsì wọ́n. Èyí wúwo ju ti ìṣáájú lọ. N kò lè pàṣẹ fún opó tí ń yan gàrí kí ó ra ohun tí agbára rẹ̀ kò ká. Ṣùgbọ́n gbèsè olúkúlùkù mọ ní ìwọ̀n agbára rẹ̀. Ẹni tí ó ní owó aṣọ ẹgbẹ́ ní owó gáàsì. Ẹni tí kò ní, kí ó lu ògiri ilé ìdáná ní fèrèsé, kí ó sá igi rẹ̀ kí ó gbẹ dáadáa, kí ó dáná ní gbangba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì mú ọmọ ọwọ́ kúrò lẹ́bàá ààrò. Ìwọ̀nyí kò mú ewu kúrò tán, ṣùgbọ́n wọ́n dín in kù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ, àti ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀yin baba ilé, ní ìrọ̀lẹ́ òní, kí oúnjẹ tó jinná, ẹ wọ ilé ìdáná, kí ẹ sì jókòó níbẹ̀ títí omi ọbẹ̀ yóò fi hó. Bí ojú yín bá ń ṣomi, ẹ ti gbọ́ ìwàásù náà tán.