Agbẹ́jọ́ Ẹnì Kan Dá

Bí lándílọ́ọ̀dù àti ayálégbé bá jà ní Igbóbì, kò sí àgbà àdúgbò tó máa dájọ́ kó tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Àwọn baba wa ti wí i: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lù ní oṣù Kínní ọdún 2014 kò ka òwe yìí sí. Ọkùnrin tó bá bá ọkùnrin ṣègbéyàwó, tàbí obìnrin tó bá bá obìnrin ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó gbárùkù tì í, ọdún 10. Ibẹ̀ ló ká mi lára. Ẹ lè ní ẹ kò fẹ́ irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ (ọ̀pọ̀ ìjọ àti mọ́ṣáláṣí wa kò kúkú fẹ́ ẹ), ṣùgbọ́n kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kàn ń rojọ́? Pamela Adie fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin sílẹ̀. Wọ́n kọ̀ fún un, ó sì pẹjọ́. Ní 2018, ilé ẹjọ́ l'Ábújá da ẹjọ́ rẹ̀ nù. Kí òfin yìí tó dé pàápàá, Bísí Àlímì, ọmọ Mushin, ti sọ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2004 pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lòun, nínú ètò Fúnmi Ìyàndá. London ló sá lọ ní 2007, ibẹ̀ náà ló ti ṣègbéyàwó.

L'Ékòó, wọ́n kó ọkùnrin 47 lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ òfin yìí kan náà. Ní oṣù Kẹwàá 2020, adájọ́ fagi lé ẹjọ́ náà: ìjọba tó fẹ̀sùn kàn wọ́n kò mójú tó o bó ṣe yẹ.